Mùsíọ́mù Inú Fóònù: Bí Ọmọ Òkun Ṣe Lè Wá Nǹkan Ilé Ẹ̀ Rí

Òkun o! Ẹ̀yin ọmọ Òkun, Yorùbá ilẹ̀ Kogi, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ ti ń tẹ fóònù lábẹ́ bẹ́ǹṣì látàárọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá, ẹ gbé e jáde, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ yín lónìí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè fi áàpù orí fóònù wo àwọn iṣẹ́ ọnà tó wà ní mùsíọ́mù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń rò ó lọ́kàn pé kí ló pa ará Kàbbà pọ̀ mọ́ mùsíọ́mù Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ò tíì rówó ra ajílẹ̀ sóko, ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ àwòrán. Ọ̀rọ̀ yín ò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá wá ni pé nǹkan ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó yẹn, àwọn tó mọ ìdí ẹ̀ sì wà ní abúlé wa níbí, àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra, fóònù ọwọ́ yín yìí ló sì lè mú wọn pàdé kí àwọn àgbà tó kù nílẹ̀ yìí tó lọ tán. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lórí áàpù lónìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ló wà nílé yẹn, àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n gbé síta káwọn èèyàn máa wò lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi 80,000 lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyókù wà ní sítóò, wọ́n wé e sínú bébà, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀ o, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu géètì, síbẹ̀ ẹni tó ti ń gbé àdúgbò yẹn fún ogún ọdún ò lè rí ohun tó wà ní sítóò bí ò bá kọ lẹ́tà tọrọ àyè. Wọ́n ti wá kọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ló ní fọ́tò, nítorí náà ẹni tó jókòó sí ìlú Ìyàrà níbí tí dátà ẹ̀ ò tíì tán, ohun tó máa rí lè ju ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ibẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ń pariwo fóònù nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni mùsíọ́mù wà. Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara nítòsí wa níbí ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ní Nàìjíríà, 1945, ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń gba ìtòsí ẹ̀ lọ sí Ìlọrin tí kò yà rí. Lọ́kọ́jà náà ní tiẹ̀, èyí tó dá lórí ìtàn ìjọba òyìnbó amúnisìn. Ẹ lọ wò wọ́n. Fóònù ò rọ́pò ẹsẹ̀, ohun tí ẹsẹ̀ ò lè dé ni mo ní kẹ́ ẹ fi fóònù wò.

Ó yá, áàpù. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sórí fóònù ni Google Arts & Culture, ọ̀fẹ́ ni. Google Art Project ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2011, mùsíọ́mù 17 péré ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ti lé ní 2,000 báyìí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo nǹkan tó kọ́kọ́ máa yọ sí yín lójú, tòyìnbó ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ayàwòrán bíi Van Gogh báyìí, Monet lọ́hùn-ún, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kẹ́ ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ìyẹn la máa padà wá sí dáadáa torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni súùmù, ìyẹn mímú kí àwòrán tóbi sí i. Àwọn iṣẹ́ ọnà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kámẹ́rà tó ń dá rìn díẹ̀díẹ̀ ló ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò lára ẹ̀, kọ̀ǹpútà wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì ya ojú fóònù, ẹ máa rí i pé ó kọ́kọ́ ṣú bàìbàì, lẹ́yìn náà ló ń mọ́lẹ̀ ní igun kan, lẹ́yìn náà igun kejì. Kì í ṣe pé fóònù yín ti bàjẹ́. Fọ́tò náà tóbi ju kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, ibi tẹ́ ẹ bá dojú kọ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé wò lórí nẹ́tíwọ̀kì tiwa yìí tó ń lọ tó ń bọ̀. Nítorí náà ẹ ní sùúrù, ẹ má máa fa á síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́, torí gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá fà á dé ló ń jẹ dátà. Ẹ dúró lójú kan, kó mọ́lẹ̀ tán, kẹ́ ẹ ya screenshot ẹ̀, ó ti di tiyín nìyẹn, ẹ lè gbé e dé oko.

Àwọn áàpù míì wà. Bloomberg Connects, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ọ̀fẹ́ lòun náà, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ló kó ara wọn jọ sínú ẹ̀, ohùn èèyàn ló sì pọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà á máa sọ̀rọ̀ sí yín létí, ó dáa fún ẹni tí ojú ò jẹ́ kó ka lẹ́tà kékeré. Smartify ní tiẹ̀, kámẹ́rà lẹ máa na sí iṣẹ́ ọnà, á dá a mọ̀, á sọ orúkọ ẹ̀ fún yín, àmọ́ ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó dúró síwájú iṣẹ́ náà gan-an, mùsíọ́mù tí ò bá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, áàpù náà á kàn máa wò yín ni. Ẹni tó bá ń lọ kí ọmọ ní ìlú òyìnbó kó rántí ẹ̀. Àwọn ọmọdé máa fẹ́ràn ibi tí Google ti ń fi fọ́tò ojú èèyàn wé àwòrán àtijọ́, pé ta lo jọ nínú wọn. Eré ni. Nígbà tó gbòde ní 2018, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló figbe ta pé àwọn tí wọ́n ní àwọn jọ ò pọ̀, pé bí ẹrú bí ìránṣẹ́ ni wọ́n ṣe ya èyí tó wà níbẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, ohun tó wà lára ògiri wọn ni áàpù náà rí kó. Ẹ ṣeré díẹ̀, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹyọ nǹkan kan pa pọ̀ kó má dà bíi pé ẹnu lásán ni mo ń fọ̀. Ẹ tẹ orúkọ yìí: Olowe of Ise. Ẹ má fi àmì kankan sí i o, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà yẹn, torí àwọn tó kọ àkọsílẹ̀ wọn ò fi àmì sí i. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére, Èkìtì tó múlé ti Ìyàgbà níbí. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Art Institute of Chicago, mùsíọ́mù kan ní Amẹ́ríkà, òpó fàrándà ni, ó gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, láàrin 1910 sí 1914. Ẹ súùmù sí i láti òkè wá sílẹ̀. Ẹyẹ ńlá kan ló kọ́kọ́ wà lórí adé. Adé gùn, ó ṣe ṣóńṣó. Lábẹ́ adé ni kábíyèsí, ó jókòó. Ẹ wá wo ẹ̀yìn kábíyèsí, olorì àgbà ló dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ga jù ú lọ fíofío, ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó ọba, òun gan-an ló dà bí òpó tó ru ilé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ ló máa yé pé Ọlọ́wẹ̀ ò ṣèèṣì gbẹ́ obìnrin yẹn tóbi, torí olorì àgbà ló ń gbé adé lé ọba lórí. Lẹ́sẹ̀ wọn nísàlẹ̀, àwọn kékeré kan wà: ìyàwó kékeré lórí ìkúnlẹ̀, Èṣù tó ń fun fèrè, ẹni kẹta jẹ́ alábẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí i, ó ti kán kúrò. Fóònù ló jẹ́ kí n rí Èṣù yẹn o, torí nínú fọ́tò kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé, ẹsẹ̀ ọba lẹ máa rò pé ó jẹ́.

Ilẹ̀kùn ààfin yẹn kan náà wà ní British Museum. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ lòun náà, ó ya Ògògà sí apá kan, ó ya òyìnbó ìjọba tí wọ́n gbé sórí àga ìgbérù sí apá kejì. Ní 1924 ni wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, àwọn mùsíọ́mù rí i, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n ní kí Ògògà fún àwọn, wọ́n wá ṣe ìtẹ́ ọba kan ní ìlú wọn lọ́hùn-ún fún un dípò ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ dá a yẹ̀ wò bóyá pàṣípààrọ̀ yẹn dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ fi han yín níbẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀. Af1924 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Af yẹn, Áfíríkà ni, 1924 yẹn ni ọdún tó wọlé sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá rí lọ́dọ̀ wọn, ẹ máa kọ́kọ́ ka nọ́ńbà yẹn, torí kò ní sọ ìgbà tí wọ́n ṣe nǹkan náà fún yín, ìgbà tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ló ń sọ, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí aṣọ, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí aṣọ wọ kóbọ́ọ̀dù. Lábẹ́ nọ́ńbà lẹ máa rí orúkọ ẹni tó fún wọn tàbí ẹni tó tà á fún wọn. Orúkọ ẹni tó ṣe é, nínú ọ̀pọ̀ tiwa, òfìfo. Ọlọ́wẹ̀ rí ṣe ni tí wọ́n ń dárúkọ ẹ̀.

Ó wá kan wíwá nǹkan tiwa, ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí. Tẹ́ ẹ bá tẹ Okun, òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà ló máa kó jáde, tàbí kó má mú nǹkan kan wá. Áàpù ò mọ nǹkan kan ju ohun tí ẹnì kan jókòó kọ sínú ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́, bóyá ní 1930, ìwé ìjọba ìgbà náà ló ń wò. Ẹ rántí pé lábẹ́ òyìnbó, Kabba Province ni wọ́n kó wa sí, Lọ́kọ́jà ni olú ìlú ẹ̀, apá Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́. Nítorí náà nǹkan tó kúrò nílẹ̀ wa nígbà yẹn, abẹ́ Northern Nigeria ni kẹ́ ẹ ti wá a, ẹ tẹ Kabba, ẹ tẹ Lokoja, ẹ tẹ Niger. Nígbà tó di 1967 wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, a bọ́ sí èyí tí wọ́n wá ń pè ní Kwara, a wà níbẹ̀ títí di August 1991 tí wọ́n dá Kogi. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kó jọ láàrin ọdún yẹn, Kwara State ni wọ́n máa kọ sí i lára, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1991 ò ní ronú kàn án láé pé kóun lọ wo Kwara. Kẹ́ ẹ wá tẹ orúkọ àwọn ẹ̀yà Òkun pẹ̀lú, Bunu, Yagba, Ijumu, Aworo, Owe. Kẹ́ ẹ wo Nupe àti Ebira náà, torí ọjà Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti ń ra nǹkan, ẹni tó rà á á kọ orúkọ ẹni tó tà á fún un, kò bi í níbo lo ti rí i. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ pín in láàrin ara yín, kí ọmọ kan mú ọ̀rọ̀ kan, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Aṣọ ni mo máa gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ju ère lọ. Aṣọ Bùnú lókìkí láàrin àwọn tó ń ṣèwádìí aṣọ káàkiri ayé, bóyá ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni o, bóyá ẹ ò mọ̀. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé láàrin àwọn èèyàn wa ní Bùnú ní àwọn ọdún 1980, aṣọ ló wá kọ́ nípa ẹ̀: funfun, dúdú, pupa, ìgbà tí wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aṣọ ìpò, èyí pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè ńlá, tó sì ń wà lára eégún, òun ni ojú wọn máa ń wọ̀ jù. Àwọn obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró gbọnrangandan sára ògiri, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ní Ògìdì níbí, Mama Nike Davies-Okundaye, tí gbogbo ayé mọ̀ lórí àdìrẹ àti aṣọ híhun, ọmọ ibẹ̀ ni, ilé ọnà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣì wà, ọmọ tó bá fẹ́ fojú rí òfì kó gun ọ̀kadà lọ.

Mo gbé fọ́tò aṣọ pupa kan lọ bá ìyá àgbà kan nígbà kan, ahunṣọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí ojú tó dùn wọ́n, mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò ní kí n dá a. Mo rò pé inú wọn máa dùn ni, kí wọ́n ní háà, aṣọ wa rèé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀yìn ẹ̀ dà?" Mo ní, Mama, fọ́tò ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé fọ́tò ni, ẹni tó ya iwájú kí ló dé tí ò ya ẹ̀yìn, ṣé wọ́n máa ń ra aṣọ láìyí i padà ni? Wọ́n ní kí n mú un tóbi. Mo súùmù, mo súùmù, wọ́n fi èékánná tẹ̀ lé ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ méjì pọ̀, wọ́n ní ọwọ́ méjì ló hun èyí o, ẹni tó hun apá ọ̀tún ń fa òwú le, ti apá òsì ń ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní òwú pupa yẹn kì í ṣe òwú tí a ran nílé, wọ́n tú u lára bùláńkẹ́ẹ̀tì ni, bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n ń lò ní ọsibítù òyìnbó. Àwọn onímọ̀ náà ti kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí òwú pupa láyé ọjọ́un, Mama ò ka ìwé kankan. Àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni: aṣọ, òwú, Yorùbá, Nàìjíríà.

Èyí ló ń bí mi nínú díẹ̀, kí n sọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ní Rijksmuseum ní Amsterdam, àwòrán kan wà tí Rembrandt, ayàwòrán ayé àtijọ́, kùn ní 1642, The Night Watch ni wọ́n ń pè é. Ní 2022 wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ jáde, fọ́tò 8,439 ni wọ́n so pọ̀, ó jẹ́ bílíọ̀nù 717 píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Ẹ lè súùmù débi pé ẹ̀ ń rí sísán tó wà nínú ọ̀dà ojú ọkùnrin kan. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní parọ́, mo jókòó tì í títí iná fi lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tiwa, wọ́n á ká a sí mẹ́rin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa súùmù lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di kóró-kóró. Ọ̀pọ̀ ni ò ní fọ́tò rárá, àpótí eérú ni wọ́n gbé síbẹ̀. Owó ni, mo mọ̀, kámẹ́rà yẹn wọ́n. Àmọ́ nígbà míì, ẹnikẹ́ni ò béèrè ni. Mùsíọ́mù máa ń ya nǹkan tí èèyàn bá kọ̀wé béèrè, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ máa béèrè.

Bó ṣe rí nìyí. Lábẹ́ àkọsílẹ̀ nǹkan kọ̀ọ̀kan lórí wẹ́bùsáìtì British Museum, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá rí àṣìṣe tàbí tó mọ nǹkan kún un kó kọ̀wé sáwọn. Mùsíọ́mù míì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà nǹkan náà sókè, ẹ sọ ohun tí àgbà sọ, ẹ sọ ìlú tí àgbà náà ti wá, ẹ béèrè fọ́tò ẹ̀yìn. Ẹ bi àgbà náà bóyá kẹ́ ẹ dárúkọ òun tàbí kẹ́ ẹ má dá a. Tí bàbá kan bá sì sọ fún yín pé ohun tó wà nínú fọ́tò yìí kì í ṣe ohun tí gbogbo ojú ń rí, pé ti eégún ni, ẹ má gbé e sórí Facebook kẹ́ ẹ máa ní àwọn òyìnbó ti gbé e síta tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e síta torí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí.

Àwọn ará Bìní ti ṣe irú ẹ̀, ẹ lè wò ó lórí fóònù, Digital Benin, wẹ́bùsáìtì ni, kì í ṣe áàpù, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. November 2022 ni wọ́n ṣí i. Nǹkan 5,246 tó fọ́nká látìgbà tí òyìnbó ti kó ààfin Ọba ní 1897, láti ilé iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20, wọ́n kó fọ́tò àti àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀ sójú kan. Orúkọ tí Ẹ̀dó ń pè nǹkan kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ohùn àwọn àgbà wọn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ olówó ńlá ni, owó Jámánì ló ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò ní ká lọ ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ìwé ìkọ̀wé kan àti báírò tó fún wa láti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn díẹ̀ torí ilẹ̀ ń ṣú.

Arákùnrin tó béèrè bóyá òun lè tẹ fọ́tò wọ̀nyí sórí kàlẹ́ńdà kóun tà á. Ó sinmi lórí mùsíọ́mù. Mùsíọ́mù Metropolitan ní New York ṣí ọwọ́ ní February 2017, ó lé ní 375,000 fọ́tò tí wọ́n ní kẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó bó ṣe wù ú, títà wà nínú ẹ̀, Chicago náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ tiwọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ CC0 sí, àmì pé ẹnikẹ́ni lè lò ó nìyẹn. British Museum ní tiwọn gbà kẹ́ ẹ lò ó fún ẹ̀kọ́, kì í ṣe fún títà. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lọ bá atẹ̀wé.

Alàgbà tó ní ṣé ká kàn máa wò ó lórí fóònù ni, kí ló dé tá ò ní kí wọ́n dá a padà. Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, kì í ṣe àwàdà. Ní 2022 Smithsonian, mùsíọ́mù Amẹ́ríkà, dá 29 nínú ti Bìní padà, Jámánì náà dá díẹ̀ padà lọ́dún yẹn, Netherlands dá 119 padà ní 2025. British Museum ń sọ pé òfin ìjọba àwọn ti 1963 ò jẹ́ káwọn gbé nǹkan sílẹ̀. Àmọ́ gbogbo èyí tí wọ́n dá padà yẹn, ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n, ó mọ ibi tó wà, ó mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Tiwa, a ò tíì mọ iye ẹ̀, a ò tíì mọ èyí tí wọ́n jí àti èyí tí bàbá ńlá wa tà fúnra ẹ̀ lọ́jà tó sì gbowó ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ ná, bàbá, kí wọ́n má bi wá ní ìbéèrè tá ò ní èsì ẹ̀.

Ìyá tó ní àwọn ní aṣọ ìyá wọn nínú àpótí, ọmọ wọn sì ní kí wọ́n tà á. Mama, ẹ dákun, ẹ má tíì tà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà yà á ná, lójú mọ́mọ́, nínú ìbòji, kó má tan iná kámẹ́rà, torí iná yẹn máa ń jẹ́ kí pupa funfun bí òṣùpá nínú fọ́tò. Kó tẹ́ ẹ gbalaja, kó má ká a. Kó fi téèpù aránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè hàn bó ṣe gùn tó. Iwájú, ẹ̀yìn, igun, ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, létí lọ́hùn-ún, kó súnmọ́ ọn dáadáa. Kẹ́ ẹ wá sọ orúkọ ẹni tó hun ún, ìlú ẹ̀, ìgbà tí wọ́n lò ó àti ẹni tí wọ́n lò ó fún, kó gbà á sílẹ̀ ní ohùn yín. Kó fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì mẹ́ta nínú ẹbí, torí fóònù máa ń bọ́ sínú omi.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun gbé áàpù náà sórí fóònù, mo wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé àyè ṣì wà lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó wá, kẹ́ ẹ sì bá mi mú sájà dání, bátìrì tèmi ti fẹ́ kú.